Fíríìjì Tó Ń Rìn Káàkiri Òkè-Ìmẹ̀sí

Mọ́ńdè, 3 Oṣù Kẹta, 2025
Mo dé Òkè-Ìmẹ̀sí. Ìwádìí wa: ṣé ìṣẹ́ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ ru? Màá ka fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ilé kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó tòṣì, màá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni mẹ́wàá tó bá tòṣì jù ló máa gba oògùn ọ̀fẹ́ ọdún kan. Ọ̀gá mi l'Ádó kìlọ̀: n kò gbọdọ̀ sọ ti oògùn fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà purọ́.

Túsìdè, 4
Ilé mẹ́sàn-án. Fíríìjì mẹ́sàn-án! Ìlú olówó rèé o.

Wẹ́sìdè, 5
Ilé méje. Fíríìjì méje — gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ni wọ́n fi okùn pupa de ilẹ̀kùn wọn. Hàà.

Tọ́sìdè, 6
Mo gbá wọn mú. Gbọ́láhàn ọlọ́kadà gbé fíríìjì sẹ́yìn, ó ń sá lọ níwájú mi! Ti Ọ̀gá Ìbíkúnlé ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti kó gbogbo ẹrù ilé rẹ̀ yá àdúgbò. Gbọ́láhàn ní ṣé kí àlejò láti Adó wá máa fojú di àwọn ni. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Fráìdè, 7
Ẹ̀rín tán. Màmá Tinúọlá — opó, ó ń dá gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń jẹun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 212 lórí 118. Fíríìjì náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ò níná láti ọdún méjì. Mo ṣí i — bàtà ló kó sí i. Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ oògùn fún un, mo ní kó jẹ́ kí n pa fíríìjì rẹ́ nínú ìwé mi. Ó bi mí bóyá wọ́n á lẹ orúkọ àwọn tálákà mọ́ ògiri. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Kọ fíríìjì sí ulé mi."
Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo kọ ọ́. Orí mi ò pé.

Mọ́ńdè, 17
Kọ̀mpútà ti yan ẹni mẹ́wàá náà. Ẹni kìíní: Ọ̀gá Ìbíkúnlé! Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àga kan ṣoṣo ló kù nílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ojú tì í, ó gbé oògùn náà tọ Màmá lọ. Mo tẹ̀lé e. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún tì í padà: ta ló ní òun ò lè ra tòun? Ọwọ́ òsì ò gbéra. Ó ti rọ láti àná. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré pe takisí.

Takisí ti dé, ó ń fọn fèrè níta. Ọ̀gá Ìbíkúnlé ń bẹ Màmá, èmi ń sunkún. Màmá ti tilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Ó ní òun ò lè lọ ọsibítù láìwọ léèsì.