Omi Èékánná Tó Kan Ìyàwó Lára
Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo kí yín o. Ẹ fi orúkọ mi pamọ́; Savalou ni mo ti ń lẹ èékánná fún obìnrin.

Mo lẹ̀ ẹ́ fún ìyàwó tuntun kan ní Bantè, omi tí mo fi po àtíkè èékánná náà sì kàn án lára. Ìka rẹ̀ wú, ó ń bó. Ẹbí rẹ̀ ní omi tí ìyá ọkọ fi ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló fà á, wọ́n ti mú un kúrò nílé ọkọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúkú bó. Ìka tèmi náà bó lọ́dún tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ní omi èékánná ni. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹbí ìyàwó náà.

Ìyá ọkọ náà máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ṣé kí n lọ bá wọn, àbí ẹnu yín ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ?