Adìyẹ tí Wọ́n Ṣẹ́ Nítan Nítorí Yín

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti pa adìyẹ yín. Mo ní kí n tètè sọ fún yín, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu adìyẹ náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àpò àlùbọ́sà já lù yín láti orí tírélà ní Mile 12, tó ṣẹ́ eegun itan yín, bàbá tó ń to eegun ní Ìkòsí ṣẹ́ itan adìyẹ kan lọ́jọ́ kan náà. Ó fi igi di itan yín àti ti adìyẹ. Ó ní ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn ni ẹ̀yin náà yóò rìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Poly nígbà náà. Mo ka ìwé mi fún yín lórí ẹní: pé eegun itan ló gùn jù, tó sì le jù lára ènìyàn; pé orí rẹ̀ rí róbótó, ó jókòó sínú ihò ìbàdí; pé inú mùdùnmúdùn eegun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ẹ ní kí n ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ adìyẹ.

Adìyẹ dìde. Mọ́mì kọrin ọpẹ́. Gbogbo wa ní kí ẹ̀yin náà dìde. Ta ló rò ó pé eegun adìyẹ kò ju bírò lọ, pé ìyẹ́ àti ariwo nìkan ló ń gbé? Ẹsẹ̀ kan péré lẹ gbé, eegun náà tún yẹ̀. Kò pẹ́ tí mímí fi nira fún yín. Ṣé ẹ pè mí lọ́jọ́ náà, tí mi ò gbọ́?

Adìyẹ ló ṣẹ́kù. Ó ń tiro. Lálaalẹ́ ló ń gun àga yín, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mọ́mì, odindi díákónẹ́ẹ̀sì, ń kí i láràárọ̀ ní “Ẹ káàárọ̀.” Lójú tiwọn, bí adìyẹ yẹn bá ṣì ń rìn, ọ̀rọ̀ yín kò tíì parí.

Àbúrò yín, Àńtí Ìjẹ̀bú, wá fún ìrántí ọdún kan ikú yín. Wọ́n ní adìyẹ tó ń jókòó sórí àga òkú kì í ṣe ohun ọ̀sìn mọ́, kí a sè é. Mo retí kí Mọ́mì kọ̀. Mọ́mì gbé omi kaná.

Èmi àkọ́bí ni wọ́n bu itan náà fún. Nígbà tí mo jẹ ẹran rẹ̀ dé eegun, mo rí kókó kan níbi tó ti ṣẹ́, ó nípọn ju ibi tó kù lọ. Mọ́mì gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í fi eegun sílẹ̀ láìfọ́ ọ. Wọn kò fọ́ èyí. Wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Ó mà jinná,” ni wọ́n wí. “Ẹ wò ó. Ó jinná dáadáa.”

Àńtí kò gbé ẹran sẹ́nu mọ́. Mọ́mì fọ eegun náà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í bí ẹni ń di ọmọ tuntun.

Dádì, níbi tí ẹ wà yẹn, ṣé tiyín náà ti jinná?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò lè jẹ itan adìyẹ mọ́.