Ẹ Má Dá Odídẹrẹ́ Lóhùn

Ọgbà Ìtọ́jú Ẹranko Ìgbẹ́,
Ọ̀nà Oko Akínrẹ̀mí,
Òṣíẹ̀lẹ̀,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Dìran,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, ẹ sì kú wàhálà òrùlé ilé Aké tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ṣé àlàáfíà ni Àǹtí Lydia wà? Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń dáhùn bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ ti ń wí pé "a dúpẹ́" fún bébà lásán, torí pé ẹ ò lè rí ìkíni kí ẹ má dáhùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìkíni tán. Inú ń bí mi sí yín, inú náà ò sì tíì rọ̀ láti ìgbà tí Àǹtí Lydia ti pè mí, tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wọn.

Wọ́n ní ẹ ní kí n gbé odídẹrẹ́ yẹn wá fún yín ní Aké, pé nígbà tí kò sáà lè padà sígbó mọ́, kó kúkú wá máa bá yín gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnu yín gbà á. Ẹ ba ọjà jẹ́ tán, ẹ tún wá ń ná an. Ká ní ẹlòmíràn ni, ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sí i kò ní ṣe é gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lẹ jẹ́, ẹ̀yin lẹ sì tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi "ẹ" bú yín.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo gbọ́ pé bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀. Lẹ́yìn Àjíǹde, nígbà tí àwọn káfíńtà ń ṣí òrùlé yín, èmi ni mo ní kí ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ mi. Ilé àwọn odídẹrẹ́ kò jìnnà sí yàrá tí mo fún yín, mo sì ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ tí ẹ dé. Mo ní àwọn aṣọ́bodè ló gba àwọn ẹyẹ náà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn sá lọ nínú àpò ìrẹsì. Wọ́n ti já ìyẹ́ wọn, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ bí ẹyẹ ṣe ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ki ẹyìn sínú ọparun, tí a ń fi ewé di ẹ̀pà, tí a ń so ó rọ̀ sókè, kí wọ́n lè máa ṣe làálàá kí wọ́n tó jẹun. À ń gbé ẹ̀ka igi tútù sí wọn kí wọ́n máa bó èèpo rẹ̀. À ń fọ́n omi lé wọn bí òjò. Ẹní la ta bí aṣọ ìkélé láàárín àwa àti wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ẹni tó ń gbé oúnjẹ máa ń gbà, kí wọ́n má baà rí ojú ènìyàn pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹyẹ tó bá ti gbà pé ọ̀rẹ́ òun ni ènìyàn, kò ní pẹ́ lóde tí ènìyàn yóò tún fi há a mọ́ inú àgò.

Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní ìyà la fi ń jẹ wọ́n, pé ta ló ń di oúnjẹ mọ́ inú igi fún àlejò. Mo bá yín rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ti gbé ilé ènìyàn rí, èyí tí èékánná rẹ̀ kan ti kán. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, gbogbo ẹni tó bá rí ló ń kí ní ẹ kú àárọ̀, kódà lọ́sàn-án gangan. A ò dá a lóhùn. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí a kí tí kò dáhùn, odi ni tàbí ọ̀tá. Síbẹ̀ mo panu mọ́, gbogbo wa panu mọ́, títí ìkíni náà fi kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mú abo kan lọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn méjèèjì ló jọ máa ń tú ọparun, ọ̀kan á dì í mú, ìkejì á fa ẹyìn yọ. Dókítà Ògúnrìndé, ọ̀gá wa, sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé àwọn méjì yìí ló ṣetán jù láti lọ.

Lóṣù tó kọjá, a ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n tú jáde, wọ́n bà sórí igi àràbà tó wà lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń hó. Mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́. Àfi bí eléyìí ṣe yà kúrò láàárín wọn. Ó ti rí àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ létí títì, ó sì fò lọ bá wọn, ó bà sórí ẹ̀ka kan lókè orí wọn. Ó kọ́kọ́ húkọ́. Ikọ́ yín ni, Bọ̀ọ̀dá, ikọ́ ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ máa ń hú kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Lísàbí. Ṣé dáadáa la jí?" Ohùn yín gan-an ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ìyá Bàrákátù tó ni ẹ̀gẹ́ náà ò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi dáhùn. Ta ni ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n máa kí báyẹn tí kò ní dáhùn? Ó ní, "Ẹ ṣé o, bàbá, ẹ kú ìrìn." Ohun tí ẹyẹ náà ń dúró dè nìyẹn. Ó fò sọ̀kalẹ̀ sétí ọpọ́n rẹ̀, ó la ẹnu, ó ń retí ẹ̀pà. Kí n tó sáré débẹ̀, ọlọ́kadà kan ti dúró, ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dà bò ó, ó ń wí pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà òun. Ọpẹ́lọpẹ́ Ìyá Bàrákátù tó dì mọ́ ẹ̀wù náà pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, ì bá ti gbé e lọ. Ìgbà tí a fi máa tú u jáde, apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Mo pè yín lọ́jọ́ náà, ẹ ò sì sẹ́. Ẹ ní tí mo bá ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀bọ láàárọ̀ lẹ máa ń gbé àpótí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní. Ẹ ní ẹyẹ náà ló kọ́kọ́ kí yín, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọn ò ní dá òun lóhùn, pé báwo lẹ ṣe máa gbọ́ ìyẹn kí ẹ ṣe bí adití. Ẹ wá ń dá a lóhùn, ẹ ń na ẹ̀pà sí i, ẹ fi "ọmọ Lísàbí" kún un kó lè mọ ìlú tó wà. Ẹ tún rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ó ní ẹ̀kọ́ ilé jù mí lọ, ó mọ "ẹ" lò. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, ẹ̀yin náà lẹ wọ́ ọ lórí.

Ẹ ò bi mí bóyá ó láya. Abo tí wọ́n jọ ń tú ọparun ò bá àwọn yòókù lọ. Orí àràbà ló dúró sí tó ń ké, eléyìí sì ń dá a lóhùn láti inú àgò tí a ti ń tọ́jú apá rẹ̀. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ nǹkan kan lórí àràbà mọ́. Dókítà Ògúnrìndé ní a ò lè tú u sílẹ̀ láéláé, a ò sì lè fi í sáàárín àwọn tuntun, torí yóò kọ́ wọn ní ìkíni yín. Ó ń dá gbé. Mò ń di ẹ̀pà mọ́ ewé fún un, kì í tú u. Mo gbé ọparun sí i, mo gbé èèpo àgbọn sí i, ó kàn ń wò mí ni, ó ń retí kí n bá òun tú u. Ó ti ń fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tu báyìí, awọ rẹ̀ ti hàn.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ibi lọ́kàn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó bá fẹ́ ibi, mo mọ bí mo ṣe ń lé e jáde. Ẹ̀yin, mo se ẹ̀bà fún yín, mo tẹ́ ibùsùn fún yín.

Odídẹrẹ́ ò ní wá sí Aké. Ẹ má wá sí Òṣíẹ̀lẹ̀ náà, mo ti sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ máa kí lẹ ń wá, ènìyàn kún Aké.

Àràárọ̀ ló ń hú ikọ́ yín, á ní ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Lísàbí. Tí mi ò bá dáhùn, á tún un wí, á rẹ ohùn sílẹ̀, á wá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo ẹnu mi. Mi ò gbọ́dọ̀ dáhùn. Bẹ́ẹ̀ pàṣán lẹ fi kọ́ mi láti máa dáhùn.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Lydia, ẹ ní kí wọ́n má bínú sí mi. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Kí òrùlé tuntun náà pẹ́ lórí yín. Ẹ̀yin náà, mo kí yín. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Lísàbí. Ṣé dáadáa la jí? Mo ti kí yín tán, ẹ má dáhùn. Ẹ má kọ̀wé, ẹ má pè, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi. Ẹ jókòó ti ìkíni náà, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń gbé mì láràárọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ kọ́ ní ìkíni,
Oyíndà.