Hamidat Tó Wá Mi Dé Inú Oko

Oyèkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà n'Íbàdàn, ṣé aṣọ tí ò ń tà ń tà? Àlàáfíà ni a wà ní Ute, ìyá rẹ kí ọ, Fadá náà bèèrè rẹ lẹ́yìn Mísà. Ọlọ́run tó jí wa lónìí yóò jẹ́ kí o máa fi ẹ̀rín jẹ oúnjẹ òòjọ́ rẹ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ Hamidat, obìnrin tó ń ta oògùn oko l'Ọ̀wọ̀. Kòkòrò fẹ́ ba kòkó tí mo gbìn lọ́dún tí o wọ yunifásítì jẹ́, ọdún yìí gan-an ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ so dáadáa. Mo lọ ra oògùn kòkòrò lọ́dọ̀ rẹ̀, a sọ̀rọ̀ títí, mo júwe oko wa fún un, ó gba nọ́ńbà mi. Bí mo ṣe délé ni mo pa fóònù, torí bí ènìyàn bá ń pè mí, owó inú fóònù tèmi ló ń jẹ, bí o tilẹ̀ máa ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti po oògùn sínú páńpù, mo ti gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pè mí láàárín igi kòkó. Hamidat ni. Ọ̀kadà kò lè kọjá ẹrẹ̀ etí odò, ló bá fẹsẹ̀ rìn ín. Ó ní kí bàbá jọ̀wọ́ má tíì fín nǹkan kan, òun ló ṣi ike gbé, oògùn tí ń pa koríko ni, bí mo bá fín in, gbogbo kòkó yẹn ni yóò gbẹ. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ tòun ti páńpù lẹ́yìn.

Ó ní láti àná lòun ti ń pè mí, obìnrin kan ló ń dá òun lóhùn pé wọn kò rí mi bá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ tó bá mi wá sóko ní ta ni obìnrin náà. Mo búra pé n kò mọ̀ ọ́n rí, kò gbà. Jọ̀wọ́, bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń rò ni pé Hamidat ì bá dákẹ́. Èmi tí n kò lè ka òyìnbó ara ike, ǹ bá ní ọ̀dá ló pa kòkó, ǹ bá tún lọ ra oògùn mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ǹ bá tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbé èyí tó tọ́ wá, ó bẹ̀ mí níwájú ìyá rẹ, kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, kò sì gba owó ọ̀kadà.

Nígbà tó ń lọ, ó ní bí inú mi bá dùn, kí n fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí fóònù. Mo ní ọwọ́ Ọlọ́run nìkan ni ìràwọ̀ wà, ó sì rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ń tà á n'Íbàdàn, ra márùn-ún fún un, má ra èyí tó ń tètè ṣá.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú, kí n fi wá àwọn tí yóò bá mi ká kòkó, torí kòkó ń bẹ láti ká.

Níbi tí o bá ti ń rajà, Ọlọ́run yóò mú ọ bá irú Hamidat pàdé. Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìwọ náà, kí wọ́n máa rí ọ̀rọ̀ rere rẹ kọ sí àwọn ọmọ wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dominic Ajíbọ́lá