Ọmọ Rẹ Ti Ń Jẹ Ìwé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ariwo ìlú ńlá kò tíì dá ẹ lágara? Àwa ńbí wà láàyè, a dúpẹ́, ilé kàn tóbi jù láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ ni. Ọmọ rẹ tí o fi sọ́dọ̀ mi ti ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn.

Mo rí ìwé páálí tí o fi ránṣẹ́ sí i gbà. Kí n má parọ́, mo rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ojú ewé kan, bàtà kan, ọ̀rọ̀ kan, ó parí. Ọ̀rọ̀ ara páálí ọṣẹ pọ̀ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ni ìwé ń jẹ́, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo bá fọ ọwọ́ ọmọ tán ni mo máa ń nà án sí i lókèèrè, màá bi í pé kí nìyí, kò ní fèsì. Lọ́jọ́ tí mo gbójú kúrò, ó ti jẹ etí ìwé.

Mo gbé òun àti ìwé lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ní kó bá mi wò ó bóyá ọ̀dà ti wọ ikùn rẹ̀, àti pé ọmọ náà kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní nítorí eyín ni wọ́n ṣe ṣe ìwé náà nípọn, pé ẹnu ni ọmọdé kọ́kọ́ fi ń kàwé, kí n yé ṣe ìdánwò fún un. Ó wá wò mí lójú: "Màmá, ṣé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ nílé ṣá?"

Bàbá rẹ ló máa ń sọ ọ̀rọ̀ ilé yìí, tèmi ni kí n máa bá a jiyàn. Ó lọ, mo panu dé. Àṣé mo pa ti ọmọ mọ́ ọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé e sí itan, mo ṣí ojú ewé bàtà, mo sọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń wá bàtà kiri ilé nígbà tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí á ní èmi ni mo gbé e pamọ́. Mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọmọ ń ṣí ìwé lódì, mo jẹ́ kó ṣí i. Báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e wá, á kẹ́yìn sí mi, á máa fi ìdí wá itan mi bí dẹ́rẹ́bà tó ń fi ẹ̀yìn wọ gáréèjì. Lánàá, ó fi ìka kan bàtà inú ìwé, ó ní "tàtà." Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan bàtà bàbá rẹ tí n kò tíì lè gbé kúrò níbẹ̀, ó tún ní "tàtà." Mo sunkún, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ọṣẹ àti ìpara rẹ̀ ń tán lọ. Kí o sì bá mi bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé yẹn, kí wọ́n lẹ fọ́tò rẹ àti ti bàbá rẹ mọ́ páálí tó nípọn bẹ́ẹ̀, kí n lè máa sọ ìtàn yín fún un. Ti bàbá rẹ, páálí nìkan ló kù tí ọmọ lè fi mọ̀ ọ́n, a gba ti Ọlọ́run. Ìwọ ṣì wà láyé, n kò fẹ́ kí ọmọ rẹ máa pe páálí ní màmá.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ẹ, yóò mú ẹ wálé wá gbọ́ ohùn ọmọ yìí kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.