Ìbò Mẹ́ta Tó Wà ní Ìkúnlẹ̀

Ilé Kejìdínlógún,
Ìbà Housing Estate,
Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kọkànlá, 1990.

Ọmọ́bọ́lá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni òtútù Jọ́ọ̀sì? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀, kí ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì ti fi ọ́ sílẹ̀. Àwa náà wà, à ń jẹ, à ń mu, a ò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Mọ́ńdè. O ní Ládépọ̀, ọmọ ará ilé kejì wa, tó wá ra ọjà ní Jọ́ọ̀sì, ló sọ fún ọ pé bàbá rẹ gba owó lọ́wọ́ Àlàó, tí wọ́n fi jọ̀wọ́ ipò kánsẹ́lọ̀ fún un. O ní o sunkún. O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ. Ọmọ mi, nu ojú rẹ nù. Bàbá rẹ kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí o bèèrè yìí gùn díẹ̀, ó sì ní ibi tó ti kan èmi ìyá rẹ, nítorí náà jókòó dáadáa kí o tó máa kà á lọ.

O mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni òṣèlú. Láyé ìgbà tí wọ́n ń gbé àpótí ìbò kiri, mo ti ní kò kàn mí. Èèyàn á tẹ̀ka, á lọ sílé, àpótí á sì bí ohun tí kò lóyún rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ fẹ̀yìn tì ní ọ̀gá ilé ìwé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ du kánsẹ́lọ̀, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀nà tó wọ ilé ìwé ní Okokomaiko, èyí tí omi máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn nígbà òjò, òun ni wọ́n ń sọ lọ́sàn-án, òun ni wọ́n ń sọ lórí oúnjẹ. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń wo àwọn ọmọdé tó ń bọ́ bàtà sọ́wọ́ kí wọ́n tó lè débi ìwé. Wọ́n ní tí àwọn bá lè rí gọ́tà gbẹ́ síbẹ̀, àwọn ò bèèrè nǹkan mìíràn mọ́ láyé.

Bí àwọn kan ṣe ń pín iyọ̀ àti ìṣáná, bàbá rẹ kò pín nǹkan kan. Ìwé kékeré kan ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń bèèrè ohun tó ń dun kálukú, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní, Bàbá Bọ́lá, èèyàn kì í jẹ ìwé o. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, orí mi ń wú. Tí mo bá rí wọn lórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, tí wọ́n ń tẹ́tí sí ọmọ tí wọ́n tó bí lọ́mọ bí ẹni pé gómìnà ló ń sọ̀rọ̀, mo máa ń wí nínú ara mi pé ọkọ mi nìyẹn.

Àlàó tó ń bá wọn dù ú kì í ṣe èèyàn burúkú. Awakọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó lawọ́, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti bàbá rẹ wà. Ìdìbò abẹ́lé ni, láti mú ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kejì kò lẹ́sẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, nítorí náà ẹni tó bá yege níbẹ̀ ti di kánsẹ́lọ̀ tán.

Sátidé ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni a dìbò náà ní pápá ilé ìwé. Títò ni wọ́n ní ká tò. Kò sí ìwé, kò sí àpótí. Wọ́n so fọ́tò bàbá rẹ mọ́ igi kan, wọ́n so ti Àlàó mọ́ igi kejì, oníkálukú sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ojú gbogbo ayé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ náà ni pé ojú gbogbo ayé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Mo rí ayálégbé tó fa fìlà bojú nítorí lándọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní ìlà kejì. Mo rí tọkọtaya tó jọ gun ọ̀kadà kan wá, tí wọ́n pínyà lẹ́nu géètì.

Èmi náà gbójú sókè wo ìlà Àlàó, ta ni mo rí? Títílọpẹ́, Christiana, àti ọmọ Ìjẹ̀bú pupa yẹn! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ mi ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Èmi ni mo kọ́ wọn bí a ṣe ń gé bùbá, èmi ni mo gbàdúrà fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba fíríìdọ̀mù. Mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kò ní kí ó má dun èèyàn.

Ọ̀gá tó wá kà wá ti fun fèrè, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ìlà mọ́. Ìlà tiwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi bírò tọ́ka sí orí kọ̀ọ̀kan, ó ń pe nọ́ńbà sókè. Igba ó lé méjìlá ni wá. Ẹni tí wọ́n bá ti kà lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní mò ń lọ mu omi. Irọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ ìlà Àlàó ni mo gbà, kí àwọn ọmọ yẹn lè rí ojú mi.

Wọ́n rí mi lóòótọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀ sórí koríko lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ẹ kú ìdúró, mà. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kó dìde. Mi ò ní kí wọ́n dìde. Mo bèèrè ọkọ, mo bèèrè ọmọ, mo bèèrè máṣíìnì. Mo fẹ́ kí orúnkún ta wọ́n díẹ̀ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀gá tó ń kà bá wa. Orí ẹni tó dúró ló ń wò. Ó ka ẹni tó wà níwájú wọn, ó ka ẹni tó wà lẹ́yìn wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo rí i, Ọmọ́bọ́lá. Mi ò ní fi bò fún ọ. Mo rí i, mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ìgbà tó ti lọ jìnnà ni mo tó ní kí àwọn ọmọ náà dìde. Àwọn fúnra wọn ò tilẹ̀ fura.

Nígbà tó kà dé òpin, ó ní igba ó lé mẹ́wàá. Pápá gbọ̀n tìtì. Ọláìtán, tó ń bá bàbá rẹ polongo kiri láti ìbẹ̀rẹ̀, gbé wọn lé èjìká. Èmi náà ń pariwo, mo ń jó, bẹ́ẹ̀ mo mọ ohun tí mo mọ̀. Orí èjìká Ọláìtán yẹn ni bàbá rẹ wà tí wọ́n fi nawọ́ sókè, tí gbogbo èèyàn dákẹ́, tí wọ́n rò pé ọpẹ́ ni wọ́n fẹ́ dá. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà kejì kà. Àwọn mẹ́ta wà ní ìkúnlẹ̀ tí ẹ ò kà.”

Ọláìtán sọ̀ wọ́n kalẹ̀ bí àpò gàrí. Ọ̀gá náà ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé ẹni tó wọlé ló tún ń wá ẹjọ́. Bàbá rẹ lọ dúró síwájú tábìlì rẹ̀, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi dìde. Ó tún un kà. Igba ó lé mẹ́tàlá. Ẹyọ ìbò kan ṣoṣo ni Àlàó fi jù wọ́n lọ.

Kí n sọ ti Àlàó náà. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ tó gbé e, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá rẹ nínú eruku, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn. Ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Èmi náà ò rí i rí, láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú mọ ìbò.

Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò ṣeé dí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń sọ pé kò sẹ́ni tí í la ẹnu tú èrè ara rẹ̀ dànù lásán, pé Àlàó ti rà wọ́n. Ọláìtán ò yà sílé wa mọ́. Èmi pàápàá, ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Mò ń se oúnjẹ, mò ń sọ ìkòkò mọ́lẹ̀. Mo ṣe bí ẹni pé bàbá rẹ ni mò ń bínú sí. Mo rò pé ojú ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n fi ń ka ọmọ láàárọ̀ ni wọ́n fi rí àwọn mẹ́ta yẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀, mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Mo mọ̀, Ìyá Bọ́lá. Ojú rẹ ni mo ń wò, kì í ṣe ìlà. Mo dúró kí o sọ ọ́, títí wọ́n fi gbé mi sókè. Nígbà tí o ò sọ ọ́, mo ní kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà sọ pé ìyàwó mi ló jí ìbò.” Wọ́n tún ṣẹ́ẹ̀tì náà dà, wọ́n ń lọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ọmọ mi. Gbogbo Ìbà, gbogbo Okokomaiko ń pe ọkọ mi ní ẹni tó ta ìbò, gbólóhùn kan péré ló sì máa gbà wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n ní ìyàwó mi ni. Wọn ò sọ ọ́ fún Ọláìtán. Wọn ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ wọn, wọn ò sọ ọ́ fún ọ.

Sátidé ọ̀túnla ni ẹgbẹ́ tún ń pàdé ní pápá yẹn. Bàbá rẹ ní kí n jókòó sílé, pé ọ̀rọ̀ náà yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò ní jókòó. Èmi ni mo máa dìde lọ́jọ́ náà, màá sọ ọ́ níwájú Ọláìtán, níwájú Àlàó, níwájú àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹnu mi lè mọ ọ̀nà.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ yóò parí sí ayọ̀. Ọkọ tí yóò bò ọ́ láṣìírí ni Ọlọ́run yóò fún ọ, kò sì ní jẹ́ kí o sọ ìbòàṣírí náà di gbèsè sí i lọ́rùn. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Esther Adéwùmí.

Àfikún: Mo fi súwẹ́tà kan rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí bọ̀. Èmi ni mo hun ún. Apá òsì gùn ju ọ̀tún lọ díẹ̀, ká a sókè, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.