Ilé Tí Kò Sẹ́ni Tó Ń Dáhùn Àgò

Ekiadolor,
Oṣù Kẹjọ, 2013.

Ṣèyíọlá ọmọ mi,

Ṣé o ń jẹun ní Benin? Ṣé òjò kò wọ yàrá rẹ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú tì mí lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láyé. Àlàáfíà ni a wà, àfi tòlótòló wa tó ń lé gbogbo ẹni tó bá wọ dúdú, èmi náà sì rèé nínú aṣọ ọ̀fọ̀.

Ìyá Fikáyọ̀ aládùúgbò wa ti ọjà Oliha ní Benin dé, ó gbé fóònù tí o fi rán an fún mi, ó ní kí n wo géèmù tí o ṣe. Mo ṣí i, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Mo rò pé omi ló wọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn títí. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Èṣùbíyì tó ń tún fóònù ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, kò bàjẹ́ o, etí ni wọ́n fi ń ṣe é, ìró ọ̀pá ni yóò máa sọ ibi tí ògiri wà fún yín.

Ṣèyíọlá, ṣé òkùnkùn lo lọ kọ́ ní yunifásítì? Àwọn oníná ń fún wa ní òkùnkùn lálaalẹ́, wọn kò sì pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé.

Síbẹ̀, mo ki okùn etí tó bá fóònù náà wá bọ etí, mo fi gèlè dì í kó má baà yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Kò, kò, kò. Mo mọ ọ̀pá yẹn. Ọ̀pá tí bàbá rẹ fi ń wá ọ̀nà láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́ ni. Ilé wa lo kó sínú fóònù! Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o gbé kànga sí ọwọ́ òsì? Ìdí ìkòkò omi tó máa ń dún gbì nítorí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, o jẹ́ kó máa dún bíi páànù. Tòlótòló rẹ ń ké bí ọ̀kadà. Kí ni ẹni tí kò wálé láti ọjọ́ ìsìnkú yóò rántí? Bí ẹni pé òkun ló wà láàárín Benin àti Ekiadolor.

Bí ọ̀pá náà ṣe kan ilẹ̀kùn báyìí, mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ: Àgò o. Mo dìde. Mo ní àgò yà, ẹ wọlé, Bàbá Ṣèyí. Wọ́n tún ní àgò o. Mo pariwo títí Ìyá Fikáyọ̀ fi sáré wá, ó ní fóònù yìí kò lè gbọ́ mi. Bàbá rẹ sì dúró síta.

Irú ilé wo lo kọ́ yìí? O mọ̀ pé wọ́n ń ké àgò nínú ilé ara wọn kí a lè gbé àga kúrò lọ́nà, èmi ni mo sì máa ń dáhùn. Ohùn mi ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà. Wọn kò ké e lẹ́ẹ̀mejì rí. Má wulẹ̀ fi pijin dá mi lóhùn pé Mama na game. Mo mọ̀ pé géèmù ni.

Mo nílò owó kẹrosíìnì, ṣùgbọ́n má fi rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni kí o mú un wá, kí o sì mú ẹ̀rọ tí o fi gba ohùn wọn dání, kí èmi náà sọ àgò yà tèmi sí i. Lẹ́yìn náà kí o gbé kànga padà sí ọwọ́ ọ̀tún.

Gbogbo ẹnu ọ̀nà tí o bá dé láyé, o kò ní ṣàìrí ẹni dá ọ lóhùn. Má pẹ́ o. Ìta ni bàbá rẹ ṣì wà.

Èmi ìyá rẹ,
Títíloyè